Dírọ́ọ̀mù Wáyà Onígi: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Tábìlì, Ìjókòó àti Ibi Ọ̀gbìn

Dírọ́ọ̀mù onígi tí wọ́n ń ká wáyà mọ́, tí àwọn oníná àti àwọn tó ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí iṣẹ́ bá parí, ẹrù tó lè tó tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n kàn án láti rù. Wọ́n á yí i gbirigbiri lórí òkúta, kírénì á gbé e sókè sódò, kò ní tú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di tábìlì kò nílò láti fún un lágbára kankan mọ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó má ba agbára tó ti wà níbẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á tú irin tó so ó pọ̀, wọ́n á gé e kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, wọ́n á kùn ún ní fánìṣì nígbà tí omi òjò ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó so ó pọ̀

Ojú róbótó méjì ló ní, òkè àti ìsàlẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ pákó ìpele méjì tí wọ́n tò dábùú ara wọn, tí wọ́n wá kàn pọ̀. Ìṣó tí wọ́n sábà máa ń lò gùn ju ìnípọn pákó méjèèjì lọ. Ẹnu rẹ̀ á yọ sódìkejì, wọ́n á sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà wọ inú igi. Ìṣó wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ojú kò sì rí. Ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í fẹ́ fi ayùn wọn tó mú gé pákó dírọ́ọ̀mù, wọn kò sì jẹ̀bi.

Láàárín ojú méjèèjì ni ìbàdí wà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró yíká ni, orí àti ìdí wọn sì wọ inú kòtò róbótó tí wọ́n gbẹ́ sí ojú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Ọ̀pá irin mẹ́ta sí mẹ́fà ló gba inú ìbàdí kọjá láti ojú kan bọ́ sí èkejì, tí nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì wọ̀nyí láìní ètò, pákó ìbàdí á wó lulẹ̀ bí igi ìdáná. Ihò ńlá tó wà láàárín ojú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ki irin bọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú wáyà, ibẹ̀ ni òpó agbòjò máa gbà bí tábìlì bá máa wà níta.

Kí ẹ tó gbé e wálé

Ẹ lè rí dírọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń fa iná tàbí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta wáyà lọ́pọ̀, àti níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé ńlá. Ẹ gba ìwé, ó kéré tán rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Wáyà jíjí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá di dírọ́ọ̀mù tó ní àmì iléeṣẹ́ iná sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láìní ìwé, ẹjọ́ ló ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn dírọ́ọ̀mù kan ṣì ní olówó: ẹni tó ta wáyà náà fẹ́ kí wọ́n dá a padà.

Ẹ wo ara rẹ̀ fún àmì. Dírọ́ọ̀mù tó bá ti òkè òkun wá yẹ kó ní òǹtẹ̀ IPPC, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ kòkòrò, tó ní àwòrán ṣírí ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó ti wá. Bí ẹ bá rí HT níbẹ̀, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà: àárín igi gbóná dé 56°C, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 gbáko. MB ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé gáàsì methyl bromide ni wọ́n fi fín in. Ẹ má fi ṣe ibi ọ̀gbìn tàbí ohun tí oúnjẹ máa kàn. Dírọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn nílé níbí lè má ní òǹtẹ̀ kankan, torí igi tó ń ré kọjá ààlà orílẹ̀-èdè ni òfin náà wà fún. Ẹ má sì rò pé HT ń lé ikán. Kòkòrò tó wà nínú igi lọ́jọ́ náà ni ooru pa. Èyí tó bá dé lọ́la á jẹ ẹ́.

Igi tó bá ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọ̀ náà wọnú igi tí kì í ṣe ọ̀dà orí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oògùn tó ní bàbà, krómíọ̀mù àti ásẹ́níìkì ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe irú igi bẹ́ẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe é fún ọ̀pọ̀ ohun tí à ń lò nílé. Eruku rẹ̀ kò dára ní mímí sínú, èéfín rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò yẹ fún ìdáná pàápàá.

Ẹ fi èékánná tẹ igi náà. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú wẹ́rẹ́, igi rírọ̀ ni, bíi páìnì tàbí arèrè. Ó rọrùn láti fá, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ihò wínníwínní tí ìyẹ̀ funfun ń dà jáde nínú rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹun. Ẹ ki ọ̀bẹ bọ ìsàlẹ̀ pákó ìbàdí, níbi tó ti wọ inú kòtò ojú ìsàlẹ̀: omi máa ń dúró síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láìfi agbára tì í, ẹ wá òmíràn.

Ní ti ìwọ̀n, ènìyàn kan nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 60 létí tábìlì kó tó lè fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀. Ojú tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75 á gba ènìyàn mẹ́ta dáadáa, mẹ́rin bí wọ́n bá fún ara wọn. Ti mítà kan á gba márùn-ún, ti 120 á gba mẹ́fà. Ẹ wo ìbàdí pẹ̀lú: ó yẹ kí ojú òkè yọ kọjá ìbàdí ní sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eékún àwọn tó jókòó á máa kọlu igi. Dírọ́ọ̀mù oníbàdí ńlá dára fún tábìlì tí a ń dúró mu nǹkan lórí rẹ̀. Fún oúnjẹ, kò dára.

Tábìlì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká fi dírọ́ọ̀mù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ máa nílò sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, òòlù, irin ṣóńṣó tí a fi ń ti ìṣó wọlé, mágínẹ́ẹ̀tì, sánpépà (nọ́ńbà 60, 80, 120 àti 220, ewé mẹ́ta-mẹ́ta), fánìṣì líta kan ààbọ̀, oògùn ikán líta kan, ìbòmú àti awò tó ń dáàbò bo ojú. Àpapọ̀ ojú igi tí ẹ máa kùn lé ní mítà onígun mẹ́rin mẹ́ta, ẹ ó sì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Igi gbígbẹ máa ń mu ti àkọ́kọ́ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ, ìdí nìyí tí líta kan kì í fi tó.

1. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán bó bá ti wà nínú òjò. Ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan láti yá a. Ojú òkè á gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, pákó á sì ká sókè bí etí àwo. Nígbà tí ẹ bá ń yí i, ẹ fi òkúta dènà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ọfà tí wọ́n kùn sí ojú rẹ̀ ń sọ ibi tó yẹ kí wọ́n yí i sí kí wáyà má baà tú. Bí kò bá ti sí wáyà níbẹ̀ mọ́, kò kàn yín.

2. Ẹ wá ìṣó. Ẹ fa mágínẹ́ẹ̀tì káàkiri ojú tó máa di òkè, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá lẹ̀. Ìṣó tí orí rẹ̀ yọ síta, tó sì ń mì, ẹ fà á yọ. Èyí tó dúró ṣinṣin, ẹ má fà á: ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ padà lódìkejì, bí ẹ bá fi agbára fà á, pákó á ya. Ẹ fi irin ṣóńṣó tì í wọlé ní mìlímítà méjì sí mẹ́ta, kó má fa sánpépà ya. Ẹ wo abẹ́ ojú òkè náà, níbi tí itan máa kàn. Ẹnu ìṣó tí ẹni tó kàn án gbàgbé láti tẹ̀ padà ló máa ń ya ṣòkòtò àlejò.

3. Ẹ fún nọ́ọ̀tì. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, ẹ da dísù tàbí epo kẹrosíìnì sí i lálẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ fún wọn ní ìdojúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn fọkanáísà ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà, kí ojú òkè má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí wọ́ṣà bá ti ń rì sínú igi ni kí ẹ dúró. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, igi ni ẹ ń tẹ̀ fọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì, nọ́ọ̀tì á sì tú díẹ̀. Ẹ tún wọn fún lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kìíní, tábìlì kò ní máa mì.

4. Ẹ yanjú nọ́ọ̀tì orí tábìlì. Ẹnu ọ̀pá irin sábà máa ń yọ sókè kọjá ojú tábìlì, ife kò sì lè dúró síbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá nìkan ló gùn jù, ẹ fi ayùn irin gé e kó bá orí nọ́ọ̀tì dọ́gba. Bí nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ bá yọ, tí ojú òkè sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹyọ kan, ẹ fẹ ihò rẹ̀ lójú débi tí wọ́ṣà àti orí sípánà oníhò á fi wọ̀, kó jìn ní mìlímítà 15, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ má tú méjì pọ̀ láé. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ gé pílíwúùdù róbótó tó nípọn ní mìlímítà 12 bò ó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́ àyè nọ́ọ̀tì sí abẹ́ rẹ̀. Skúrù ni kí ẹ fi dè é, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, torí pákó ìsàlẹ̀ á máa wú, á máa súnkì pẹ̀lú ojú ọjọ́. Ohun tí gọ́ọ̀mù bá dè mọ́ ọn gbọingbọin á ká tàbí kó ya.

5. Ẹ ṣètò gíga. Tábìlì oúnjẹ máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 73 sí 76, nítorí náà ti 60 wa yìí nílò ẹsẹ̀ tó tó 14. Ẹ gé igi onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ fi skúrù gígùn dè é mọ́ abẹ́ ojú ìsàlẹ̀, sún mọ́ etí. Bí ẹ bá kó ẹsẹ̀ sábẹ́ ìbàdí nìkan, ẹni tó bá fara ti etí tábìlì á dà á nù. Ẹ fi àjákù táyà àtijọ́ kan ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí omi má baà gba ibẹ̀ gòkè.

6. Ẹ fá a. Nọ́ńbà 60 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fá a ní ọ̀nà tí igi gbà hù, kì í ṣe ní ìdábùú. Ojú ọgbẹ́ ìdábùú kì í hàn títí fánìṣì á fi kàn án. Lẹ́yìn náà 80, lẹ́yìn náà 120. Etí tábìlì ni kí ẹ fá jù, títí tí kò fi ní igun mọ́, torí ibẹ̀ ni apá ń sinmi lé. Àwọn kan máa ń fi lẹ́tà tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sára rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹwà. Bó bá wù yín bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 120 nìkan ni kí ẹ fi kan ibẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́.

7. Àlàfo àárín pákó. Ìdánwò ńlá ni èyí, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí àlàfo bá là gbàràmù. Ẹni tó bá fi ìyẹ̀ pákó àti gọ́ọ̀mù funfun dí i lóṣù kìíní á rí i lóṣù keje pé pákó ti wú, wọ́n ti ti ara wọn, ojú tábìlì sì ti ta sókè. Ihò ìṣó àti ibi tí pákó ti ṣá ni kí ẹ fi àdàlù yẹn dí. Àlàfo àárín pákó, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìrẹsì bá ń bọ́ sínú rẹ̀ tó sì ń bí yín nínú, gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà mẹ́jọ tàbí pílíwúùdù tí a mẹ́nu bà lókè ni oògùn rẹ̀.

8. Oògùn ikán. Abẹ́ ojú ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀, àti ibi tí pákó ìbàdí ti wọ inú kòtò ni kí ẹ fi Solignum tàbí irú rẹ̀ kùn, lẹ́ẹ̀mejì. Orí tábìlì kò gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn kan máa ń lo ọ́ìlì ẹńjìnnì tó ti dúdú. Lóòótọ́ ikán kì í fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ó ń ba aṣọ jẹ́, fánìṣì tàbí ọ̀dà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ibi tó bá kàn. Òpó ọgbà ló yẹ.

9. Fánìṣì. Ti àkọ́kọ́, ẹ fi tínà là á kó ṣàn, kó lè wọ igi lára. Bó bá gbẹ, ara igi á le bí irùngbọ̀n. Ẹ fi nọ́ńbà 220 fá a lójú, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku, kí ẹ tó kun èkejì àti ẹ̀kẹta láìlà wọ́n. Ẹ kun abẹ́ ojú òkè pẹ̀lú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Ojú kan tí a kùn, tí a fi èkejì sílẹ̀, á gba omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, á sì ká. Ẹ má kùn ún lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú. Fánìṣì tó bá mu ọ̀rinrin kí ó tó gbẹ á funfun bí ẹni pé wàrà dà sí i.

Bí tábìlì bá máa wà níta, fánìṣì lásán kò ní pẹ́: oòrùn á mú kó sán. Ọ̀dà olóróró tó wà fún ìta ló ń pẹ́ jù, bí ẹ bá sì fẹ́ kí igi ṣì hàn, ẹ múra láti fi sánpépà fá a, kí ẹ tún un kùn lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Fún agbòjò, ẹ ki páìpù PVC tí òpó rẹ̀ lè wọ̀ gba ihò àárín ojú méjèèjì, ẹ fi pákó gbá a há lókè àti nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá le, ẹ kó àpò yanrìn kéékèèké yí páìpù náà ká nínú ìbàdí.

Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrú

Tábìlì àárín pálọ̀ kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Kí 60 tó di 45, pákó ìbàdí gbọ́dọ̀ dín ní 15. Ẹ kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun, torí wọn kì í dọ́gba tán. Ẹ fi okùn di ìbàdí yíká, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ gbé ojú òkè kúrò, kí ẹ tó gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá irin ló máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ojú skúrù ju ibi ẹnu lọ. Bí ẹ bá gé sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò, ara irin tó ń dán ló kù, nọ́ọ̀tì kò sì ní ohun tó máa dì mú. Ẹ ra ọ̀pá tó ní ojú skúrù láti òkè délẹ̀, èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà gbẹ̀ǹgbẹ̀ tiẹ̀. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nílò nọ́ọ̀tì méjì àti wọ́ṣà méjì.

Ìjókòó àti ibi ìwé

Àwọn dírọ́ọ̀mù kékeré tí ojú wọn kò ju 45 lọ ló ń di ìjókòó. Àga máa ń ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45, nítorí náà ẹ wá èyí tó ga ní 40, kí fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún parí ìyókù. Ẹ gé fóòmù róbótó kó fi sẹ̀ǹtímítà kan tóbi ju ojú òkè lọ, ẹ fi aṣọ ìbora tàbí awọ bò ó, ẹ fà á wálẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, kí ẹ kàn án mọ́ abẹ́ etí. Bí ẹ bá ń kàn án yípo láti ibì kan, gbogbo ìṣẹ́po aṣọ á kó jọ síbi tí ẹ bá parí sí.

Fún ibi ìwé, ẹ yọ pákó ìbàdí kan, ẹ fi méjì sílẹ̀, títí dé ìlàjì yípo rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀pá irin kankan kò sí láàárín ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń là. Àwọn ìwé á dúró sínú ìbàdí, tábìlì ṣì lè wà lórí.

Ibi ọ̀gbìn

Dírọ́ọ̀mù HT nìkan, tàbí ti ìbílẹ̀ tí ẹ mọ igi rẹ̀ dájú. Ẹ fi béǹdì irin tí wọ́n fi ń di ẹrù dì ìbàdí yíká níbi mẹ́ta kí ẹ tó gbé ojú òkè kúrò, torí yẹ̀pẹ̀ á máa ti pákó síta láti inú. Ìbàdí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 nínú, tó sì jìn ní 60, á gba nǹkan bíi líta 95. Yẹ̀pẹ̀ tútù tó bá kún un lè wúwo ju kílò 130 lọ, ibi tí ẹ bá ti kún un ló máa wà nìyẹn. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì dí ihò àárín ojú ìsàlẹ̀ pẹ̀lú pákó kí yẹ̀pẹ̀ má baà gba ibẹ̀ dà.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sí i nínú, ẹ fi ìṣó kéékèèké gbá a mọ́ òkè nìkan. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 gba ọ̀rá àti ojú ìsàlẹ̀ kọjá. Láìsí wọn, omi á dúró, gbòǹgbò á sì jẹrà kí ẹ̀fọ́ tó dàgbà. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí yẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa tẹ̀ lé e. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti tòmátì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ fi ìka wọ inú yẹ̀pẹ̀ débi oríkèé kejì kí ẹ tó bomi rin ín: òkè máa ń gbẹ kíá, nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù.